Kọ̀ǹpútà Àǹtí Ethel Yára Jù

Àǹtí Ethel ti fẹ́ ọkọ mẹ́ta kó tó pé ọmọ àádọ́ta ọdún. Èkíní kú. Èkejì sá. Ẹ̀kẹta, òun fúnra rẹ̀ ló di ẹrù ọkùnrin náà, ló sìn ín dé Jíbówú, tó sì dúró ti bọ́ọ̀sì títí ó fi gbéra, kí ẹnì kankan má baà yí ọkàn padà. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ọkọ wá sú u, ó ní kí òun máa bá àwọn ẹlòmíràn wá tiwọn. Ó gba yàrá méjì lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Súrùlérè, ó ra kọ̀ǹpútà, ó sì gbé pátákó kọ́ síta tí wọ́n kọ "Pàdé Ẹni Rẹ" sí lára. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í pé báwo ni irú òun ṣe ń bá èèyàn wá ọkọ, ẹ̀rín ni yóò fi dáhùn: "Ẹni tó ti jìn sí kòtò lẹ́ẹ̀mẹta, ta ló tún mọ ibi tí kòtò wà jù ú lọ?"

Ọdún 1999 ni. Gbogbo ẹni tó ní kọ̀ǹpútà l'Ékòó ló ń gbàdúrà kó má kú mọ́ òun lọ́wọ́ tí ọdún bá yí sí ẹgbẹ̀rún méjì. Kíkẹ́ ò rí àyè bẹ̀rù ìyẹn. Èyí tó wà níwájú rẹ̀ tó o. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Kíkẹ́, ọmọ Iléṣà tí wọ́n bí sí Èbúté Mẹ́ta, tí Ìjẹ̀ṣà ẹnu rẹ̀ kò kọjá ìkíni. Yábàá ló ti kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, Àǹtí Ethel sì gbà á kó máa tọ́jú ètò tí ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Ọ̀jẹ̀túndé kọ fún ọ́fíìsì náà. Ọ̀jẹ̀túndé ti lọ sí Kánádà. Kò fi nọ́ńbà fóònù sílẹ̀, kò sì ju ọjọ́ méjì lọ tí Kíkẹ́ fi mọ ìdí rẹ̀.

Bí iṣẹ́ náà ṣe rí nìyí. Ẹni tó ń wá ọkọ tàbí ìyàwó á wá, á kọ nǹkan nípa ara rẹ̀ sórí fọ́ọ̀mù: ìlú, ẹ̀sìn, iṣẹ́, bó ṣe ga tó, bóyá ó máa ń hanrun tó bá sùn. Ọkùnrin tó ti dáhùn ìbéèrè yẹn lé ní ẹgbẹ̀rún kan, kò sì sí ẹyọ kan nínú wọn tó ń hanrun. Pásítọ̀ kan wà nínú wọn tó fi orúkọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Orúkọ àbúrò rẹ̀ ló lò nígbà kejì. Kíkẹ́ á tẹ gbogbo rẹ̀ sínú détábéèsì, ìyẹn àká ńlá tó wà nínú ẹ̀rọ yàrá ẹ̀yìn. Nígbà náà ni oníbàárà á wá jókòó sídìí ọ̀kan nínú kọ̀ǹpútà méjì tó wà ní yàrá iwájú, á sọ irú ẹni tó ń wá, á tẹ bọ́tìnnì, orúkọ àti fọ́tò á sì jáde.

Wọ́n á jáde o, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ ìgbà. Ìgbà mìíràn wà tó jẹ́ pé èèyàn á tẹ bọ́tìnnì, á sọ̀kalẹ̀ lọ jẹ ẹ̀wà, á tún padà wá bá aago kékeré tó ń yí lójú kọ̀ǹpútà bó ṣe fi í sílẹ̀. Ogún ìṣẹ́jú, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Àwọn tí kò tíì kàn á tò sórí bẹ́ǹṣì gígùn méjì tó dojú kọ ara wọn, wọ́n á máa fẹ́ atẹ́gùn sára.

Lọ́jọ́ kan, Awwal, télọ̀ kan láti Muṣin tó fẹ́ràn kó máa fèèyàn ṣẹ̀sín, jókòó sídìí kọ̀ǹpútà títí ìdí fi ń ro ó. Ó wá gbé ohùn sókè kí gbogbo bẹ́ǹṣì lè gbọ́.

"Àǹtí oníkọ̀ǹpútà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọ̀dọ̀ ìyá ọmọ náà ni ẹ̀rọ yín lọ ni? Ẹ sọ fún un kó má tíì san owó orí. Ká kọ́kọ́ rí ọmọ ná!"

Bẹ́ǹṣì méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Etí Kíkẹ́ gbóná. Kì í ṣe òun ló kọ ètò náà, ṣùgbọ́n òun ló jókòó tì í, ẹni tó bá sì jókòó ti ìkòkò ni wọ́n ń bi pé kí ló dé tí ọbẹ̀ fi jóná.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kó tó di pé oníbàárà dé, ó ṣí iṣẹ́ Ọ̀jẹ̀túndé wò láti òkè délẹ̀. Èdè kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ PHP ni ọkùnrin náà fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n kò kọ ojú-ìwé kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ó ti kan férémù kan sílẹ̀, bíi ti káfíńtà, tó jẹ́ pé orí rẹ̀ ni gbogbo ojú-ìwé ń jókòó lé. Férémù yìí ló ń bá détábéèsì sọ̀rọ̀ fún gbogbo wọn. Ó dùn ún wò, kò sì sí ẹni tó lè mọ ohun tó ń ṣe lábẹ́lẹ̀ àfi ẹni tó bá tú u. Kíkẹ́ tú u. Ohun tó rí mú kó pariwo, òun nìkan nínú yàrá.

Bí ọkùnrin kan bá ní òun ń wá ọmọ Ìjẹ̀bú, férémù náà á lọ bi détábéèsì pé, "Àwọn wo ni ọmọ Ìjẹ̀bú?" Détábéèsì á ka irínwó orúkọ fún un. Ó yẹ kó gbé wọn wá. Rárá o. Á gbé orúkọ kìíní, á tún padà lọ: "Kí ni iṣẹ́ ẹni yìí?" Á bọ̀, á tún padà: "Fọ́tò rẹ̀ ńkọ́?" Á bọ̀, á tún padà: "Ẹ̀sìn rẹ̀ ńkọ́?" Bẹ́ẹ̀ ni á ṣe fún irínwó èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó dà bí ẹni tí wọ́n rán lọ sọ́jà Ọ̀yìngbò, tó ra ata, tó gbé e wálé, tó tún wọkọ̀ padà lọ ra àlùbọ́sà, tó gbé e wálé, tó tún padà nítorí iyọ̀. Èyí tó burú jù ni pé kò sí atọ́ka nínú àká náà. Gbogbo ìgbà tó bá débẹ̀, orí ẹni àkọ́kọ́ ni á ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé gbogbo wọn, títí yóò fi kan ẹni tó ń wá.

"Ọ̀jẹ̀túndé," ni Kíkẹ́ ń wí, "Kánádà tó ọ. Kánádà tó ọ dáadáa."

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ló fi ṣiṣẹ́. Ó sọ ìbéèrè ẹgbẹ̀rún di ẹyọ kan ṣoṣo: kó béèrè orúkọ, iṣẹ́, fọ́tò àti ẹ̀sìn pa pọ̀, kó sì kó gbogbo rẹ̀ wá lẹ́ẹ̀kan náà. Ó fún àká náà ní atọ́ka, kó lè máa lọ tààrà síbi tí nǹkan wà. Lẹ́yìn náà ló wá ṣàkíyèsí pé bí ọkùnrin mẹ́wàá bá wọlé, obìnrin kan náà ni méje nínú wọn ń wá: pupa, tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, tó mọ ọbẹ̀ sè, tí kì í jà. Kí ló dé tí ẹ̀rọ á fi máa wá nǹkan kan náà lẹ́ẹ̀meje? Kíkẹ́ kọ́ ọ pé tó bá ti wá a lẹ́ẹ̀kan, kó fi ìdáhùn náà pamọ́ sínú fáìlì. Tí ẹlòmíràn bá tún béèrè, kó na èyí tó wà nílẹ̀ sí i.

"Káàṣì ni wọ́n ń pè é, mà," ló sọ fún Àǹtí Ethel.

Ojú Àǹtí Ethel là. "Káàṣì? Èló?"

"Kì í ṣe owó, mà. Ìdáhùn tá a ti fi pamọ́ ni."

"Ṣé o rí i," ni Àǹtí Ethel wí, ojú rẹ̀ sì tún padà sílẹ̀. "Kọ̀ǹpútà ò ní ìtìjú. Ó lọ gba orúkọ bẹ́ẹ̀."

Ọjọ́ Mọ́ńdè ni ètò tuntun náà bẹ̀rẹ̀. Obìnrin kan tẹ bọ́tìnnì; kó tó ka méjì, ọkùnrin ogójì ti tò sójú rẹ̀. Ó kígbe. Àwọn tó kù dìde wá wò. Ní agogo mọ́kànlá àárọ̀, gbogbo bẹ́ǹṣì ti ṣófo; kálukú ti tẹ bọ́tìnnì, wọ́n ti gba ìwé tiwọn, wọ́n ti lọ. Ayọ̀ Kíkẹ́ ò ṣeé gbá mú. Kò tíì ṣe nǹkan tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀. Àǹtí Ethel dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo bẹ́ǹṣì, ó wo Kíkẹ́, ó ní, "O ṣeun," bí ẹni tí wọ́n fún ní ẹ̀bùn tí kò mọ ibi tó máa gbé e sí.

Ó di ọ̀sẹ̀ kẹta, wọ́n gbọ́ ariwo lórí àtẹ̀gùn. Ṣàíbù ló wọlé, ọkùnrin tó ń ta pákó ní Èbúté Mẹ́ta, gíga bí ilẹ̀kùn, ó sì di ìwé kan mú. Kò tíì ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tó gbé Sìmíátù níyàwó, àwọn méjèèjì sì jẹ́ oníbàárà ọ́fíìsì yìí. Òun fúnra rẹ̀ ló wá sọ fún Kíkẹ́ lọ́jọ́ kejì ìgbéyàwó pé kó kọ ọ́ sílẹ̀ pé Sìmíátù ti lọ́kọ.

"Ta ni ọ̀gá níbí?" ló béèrè. "Ìyàwó tí mo fi àlùfáà fẹ́, tí a pa màálù lé lórí, ṣé ẹ tún ti gbé e padà sórí igbá ni? Ọkùnrin mẹ́ta ló ti wá sílé mi lọ́sẹ̀ yìí! Ẹ̀kẹta gbé ọsàn wá!"

Kíkẹ́ gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwé ọ́fíìsì wọn ni lóòótọ́. Sìmíátù ń rẹ́rìn-ín músẹ́ nínú fọ́tò, lábẹ́ rẹ̀ sì ni wọ́n kọ ọ́ sí: "Ń wá ọkọ, ó ti múra tán."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákun, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú kan."

Ó sáré wọ yàrá ẹ̀yìn. Ó bi détábéèsì. Détábéèsì ní Sìmíátù ti lọ́kọ. Ó wo ojú-ìwé. Ojú-ìwé ní ó ń wá ọkọ. Ìgbà yẹn ló yé e. Ìdáhùn tó fi pamọ́ ni! Kí Sìmíátù tó lọ́kọ ni ẹ̀rọ ti wá a tó sì fi í sínú fáìlì, láti ìgbà náà ló sì ti ń na ìròyìn àná sí àwọn èèyàn. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ láti máa rántí. Kò kọ́ ọ láti máa gbàgbé.

Ó padà jáde, ó kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì. Ó ṣàlàyé. Ó ní àṣìṣe òun ni, kì í ṣe ti Àǹtí Ethel, àti pé kí oòrùn tó wọ̀, òun á ti tún un ṣe: gbogbo ìgbà tí ohunkóhun bá yí padà lára ẹnì kan, ẹ̀rọ á máa ya gbogbo ìdáhùn tí orúkọ ẹni náà wà nínú rẹ̀ dànù. Ṣàíbù wò ó títí, inú rẹ̀ sì rọ̀ díẹ̀.

"Dìde, ọmọ yìí. Ọsàn ọ̀hún tilẹ̀ dùn."

Bí Kíkẹ́ ṣe fẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé tó ń kọ àṣìṣe ẹ̀rọ sí, ó bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n, ọjọ́ wo ni kọ̀ǹpútà fi ìyàwó yín hàn yín?"

"Kọ̀ǹpútà wo?" ni Ṣàíbù wí. "Kọ̀ǹpútà ò fi hàn mí o. Mo ní mo ń wá ọmọ ìlú Ọ̀yọ́, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ sì ni Sìmíátù. Orí bẹ́ǹṣì yìí la jókòó sí. Ẹ̀rọ yín ń ṣe wàhálà, ọmọbìnrin náà ní ebi ń pa òun, mo ní kí n lọ ra ẹ̀pà wá. Nígbà tó fi kàn mí láti tẹ bọ́tìnnì, mi ò rántí ohun tí mo wá ṣe mọ́."

Ó dágbére, ó sọ̀kalẹ̀. Kíkẹ́ padà sídìí ẹ̀rọ.

Lẹ́yìn tó tún káàṣì náà ṣe tán, ó bi détábéèsì ní ìbéèrè kan fún ara rẹ̀. Tọkọtaya mẹ́tàlélógójì ni ọ́fíìsì náà ti so pọ̀ láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀. Mélòó nínú wọn ni ọkọ àti ìyàwó wá síbí lọ́jọ́ kan náà kí wọ́n tó mọ ara wọn? Kò pẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìdáhùn dé: méjìdínlógójì. Mélòó nínú wọn ló sì pàdé lẹ́yìn ìgbà tí ẹ̀rọ ti yára? Odo.

Ó mú ìwé náà lọ bá Àǹtí Ethel, tó ń gé èékánná. Àǹtí Ethel ò tiẹ̀ wò ó.

"O ti wá rí i."

"Ẹ ti mọ̀, mà?"

"Ọdún méjì ni Ọ̀jẹ̀túndé fi bẹ̀ mí kó tó lọ pé kí n jẹ́ kóun tún un ṣe. Mo ní kó fi í sílẹ̀. Ta ló sọ fún ẹ pé kọ̀ǹpútà ni mò ń tà?"

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Inú rẹ ń dùn. O ń kọrin nínú yàrá ẹ̀yìn. Mo ní kí n wò ó ná, bóyá tìrẹ á yàtọ̀." Ó gbé abẹ sílẹ̀. "Kò yàtọ̀. Dá a padà sí bó ṣe wà."

"Mi ò lè ṣe é, mà. Ẹ̀tàn ni. Ẹ jẹ́ ká kúkú sọ fún wọn pé kí wọ́n máa wá jókòó, kí wọ́n máa bára wọn sọ̀rọ̀."

Àǹtí Ethel rẹ́rìn-ín. "Ọmọ Ìjẹ̀ṣà. Àgbàlagbà obìnrin tó níṣẹ́ lọ́wọ́, o fẹ́ kó wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì lójú gbogbo ayé, kó ní ọkọ lòun ń wò? Ojú á tì í pa. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń dúró dè, kò sí ohun tó tì í lójú. Kọ̀ǹpútà ló ṣẹ̀. Kálukú á máa bú kọ̀ǹpútà pa pọ̀, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ á ti bẹ̀rẹ̀."

Kíkẹ́ mú ìwé rẹ̀, ó padà sí yàrá ẹ̀yìn. Lọ́jọ́ kejì, ó ṣí férémù náà. Kò lè ba iṣẹ́ tó ṣe jẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ kọ̀. Ìlà kan ṣoṣo ló fi kún un. PHP ní ọ̀rọ̀ kan tó ń jẹ́ sleep, tó túmọ̀ sí kí ẹ̀rọ lọ sùn. Kíkẹ́ ní kó sùn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Ìdáhùn á ti wà nílẹ̀, á ti tò lẹ́sẹẹsẹ, káàṣì á ti gbé e lọ́wọ́. Ẹ̀rọ á wá dùbúlẹ̀, á máa wo àjà.

Bẹ́ǹṣì tún kún. Kí oṣù tó parí, tọkọtaya méjì ti wá fi orúkọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n Kíkẹ́ ò gbádùn ara rẹ̀. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń wí i létí pé kò mọṣẹ́. "Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ fi ṣe é tó dáa, kí lẹ tún tọwọ́ bọ̀ ọ́ sí?" Á rẹ́rìn-ín, á ní kí wọ́n má bínú. Tó bá padà dé yàrá ẹ̀yìn, á bú Ọ̀jẹ̀túndé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà ò kan Ọ̀jẹ̀túndé mọ́.

Ní ọ̀sán Tọ́sìdé kan, ọkùnrin kan tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun wọlé. Akínọlá lorúkọ rẹ̀, máníjà ni ní ilé iṣẹ́ ọkọ̀ kan ní Jíbówú tó ń kó èrò lọ sí Ìbàdàn àti Iléṣà. Ìyàwó ló wá wá. Ó tẹ bọ́tìnnì, ó dúró, ó wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mi ẹsẹ̀.

"Ẹni tó kọ nǹkan yìí dà?"

"Èmi ni, sà," ni Kíkẹ́ wí.

"Ẹ má bínú sí mi o, àbúrò. Mò ń wá ẹni tó máa ṣe kọ̀ǹpútà fún wa, kí èrò lè máa rí àyè tó ṣófo nínú ọkọ̀. Mo ní kí n béèrè lọ́wọ́ yín." Ó fi ọwọ́ lu tábìlì. "Ṣùgbọ́n tí èyí bá jẹ́ iṣẹ́ yín, ọkọ̀ mi á ti dé Iléṣà kí ẹ tó rí àyè fún ẹni kìíní."

Awwal tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ náà ni obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Lateefah, nọ́ọ̀sì kan tó ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá apá búbà òun gùn jù. Kíkẹ́ wo Àǹtí Ethel. Àǹtí Ethel mi orí díẹ̀: má ṣe é.

Kíkẹ́ ṣe é. Ó wọ yàrá ẹ̀yìn, ó pa ìlà náà rẹ́, ó sì jáde wá.

"Ẹ tún un tẹ̀, sà."

Akínọlá tẹ bọ́tìnnì. Wàì! Obìnrin ọgọ́ta kún ojú kọ̀ǹpútà. Ó tún un tẹ̀, ó béèrè nǹkan mìíràn. Wàì! Ó yíjú sí Kíkẹ́, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀.

"Ìlà kan ni mo yọ kúrò," ni Kíkẹ́ wí. "Mo ní kó máa sùn kó tó dáhùn."

Àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì gbọ́ ọ. Lateefah ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń ka ìwé tí kò mọ̀ ọ́n kà. "Ẹ fẹ́ sọ pé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ń dá wa dúró síbí ni?"

Kíkẹ́ yíjú sí Àǹtí Ethel. Àǹtí Ethel ló dìde, ó tún gèlè rẹ̀ wé.

"Bẹ́ẹ̀ ni. Mo dá yín dúró. Ta ló ń kánjú nínú yín? Kó tẹ bọ́tìnnì, kó gba ìwé rẹ̀, kó máa lọ sílé. Ọ̀nà rèé."

Wọ́n wo ọ̀nà. Wọ́n wo ara wọn. Awwal wo apá búbà Lateefah.

"Èmi ò kánjú o," ló wí. "Ọ̀rọ̀ apá aṣọ yìí ò tíì tán."

Lateefah pòṣé, ṣùgbọ́n kò dìde. Obìnrin kan lẹ́yìn bú sẹ́rìn-ín, àwọn tó kù sì gbà á lẹ́nu rẹ̀, títí Àǹtí Ethel fi jókòó padà, tí ojú rẹ̀ sì ń wo ilẹ̀. Ó hàn gbangba pé ohun tó ṣẹlẹ̀ yìí ò sí nínú ìṣirò rẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló lọ lọ́jọ́ náà. Akínọlá ni, nítorí ó ń sáré padà sí Jíbówú. Ó sì ti sọ fún Kíkẹ́ kó wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí oṣù bá parí.

Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó tún dá ìlà sleep náà padà. Kọ̀ǹpútà ń dáhùn kíá, àwọn èèyàn ń gba ìwé wọn, wọ́n ń jókòó. Àǹtí Ethel ra omi tútù sílẹ̀ fún wọn, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun ti ṣìnà.

Lọ́jọ́ tí Kíkẹ́ máa lọ, Àǹtí Ethel sìn ín dé orí àtẹ̀gùn.

"Ọdún kan lo lò níbí," ló wí, "ìwọ nìkan lo wọlé tí o ò rí ọkọ mú jáde."

"Mi ò fi orúkọ sílẹ̀, mà."

"Mo mọ̀. Èmi ti bá ẹ fi í sílẹ̀. Láti oṣù kẹta."

Kíkẹ́ ju báàgì rẹ̀ sílẹ̀, ó sáré padà sí yàrá ẹ̀yìn. Ó wá orúkọ ara rẹ̀. Ó rí i. Fọ́tò ìwé ìgbanisíṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n lò. Lábẹ́ rẹ̀ ni Àǹtí Ethel fi ìka kan tẹ̀ ẹ́ sí: "Ọmọ Iléṣà. Kúkúrú. Orí rẹ̀ pé. Olóòótọ́ ni, ẹ rọra."

Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀rín ń pa á, inú sì ń bí i díẹ̀. Ó fi ọwọ́ sórí bọ́tìnnì tó fi ń pa nǹkan rẹ́, ó fi í síbẹ̀ títí Àǹtí Ethel fi ké sí i láti orí àtẹ̀gùn pé ṣé ó tún fẹ́ sùn síbẹ̀ ni. Ó gbé ọwọ́ kúrò. Ó pa "Kúkúrú" rẹ́, ó kọ "Kò ga púpọ̀," ó fi ìyókù sílẹ̀ bó ṣe wà, ó sì sọ̀kalẹ̀ lọ gbé báàgì rẹ̀.